Oúnjẹ Tí Kò Gbọdọ̀ Sùn

Ara mi ló kọ́kọ́ pẹjọ́.
Lẹ́yìn ọbẹ̀ àná, lẹ́yìn wàrà ìrọ̀lẹ́,
ojú wú, ètè wú,
kókó lé sí mi lọ́rùn
bí ẹni da ẹ̀wà sábẹ́ aṣọ.

Dókítà obìnrin kan l'Ókè-Òyì
fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí bébà:
ohunkóhun tó bá sùn, má jẹ ẹ́.
Mo ní, báwo loúnjẹ ṣe ń sùn?
Ó ní ọbẹ̀ tó mọ́jú, ó ti sùn.
Ẹja tí wọ́n yan ní Jẹ́bà,
oorun ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sùn kó tó dé Ìpàta.
Ògì sùn. Wàrà sùn.
Tòmátì ò sùn, ṣùgbọ́n má jẹ òun náà.
Irú (ó wojú mi), irú ló sùn jù.

Irú.
Èmi ọmọ Ìyá Onírú l'Ókèlélé!
Irú tó sanwó ilé-ìwé mi,
tó ra yunifọ́ọ̀mù tí mo wọ̀,
tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń dimú
bí mo bá ti jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì.
Mo bú irú nígbà náà. Ó jọ pé ó gbọ́.

Ọjọ́ méjì ni Màmá ò fi bá mi sọ̀rọ̀.
Lọ́jọ́ kẹta: "Àwáwù,
irú tó tọ́ ẹ dàgbà,
ṣé òun náà ló wá fẹ́ pa ẹ́?"
Mi ò lésì.
Mo ń họra.

Kí ló kù?
Iṣu. Ilá. Ìrẹsì tí èéfín ṣì ń yọ lórí ẹ̀.
Yànmọtí: àmì ìbéèrè ni dókítà fi sí i nídìí.
Ṣíbí kan, ó ní, kí o dúró dọ̀la.

Sẹ̀kínátù gbé ti inú ìgò wá fún mi,
lílọ̀ kúnná, òróró léfòó,
oṣù mẹ́ta ló ti ń hanrun lórí àtẹ.
Ètè mi wú kí n tó dé ìdí ṣíbí.
Mo gbé tútù lọ sọ́dọ̀ Jímọ̀ ẹlẹ́rọ.
Ẹ̀rọ tó ti lọ ata, tó lọ irú látàárọ̀,
kí ni yóò ṣe tí kò ní rántí?

Oṣù ààwẹ̀ dé.
Sààrì: aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Mo gbọ́ ọlọ lẹ́yìnkùlé,
ó lọ, ó bọ̀, ó dákẹ́,
ẹnìkan ń mí.
Màmá ni. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin,
wọ́n ti fi eérú àti ọṣẹ dúdú fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin
kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn má bàá kàn mí lẹ́nu.
Àpẹ tuntun, tí irú kò wọ inú ẹ̀ rí,
ni wọ́n fi yan yànmọtí;
ó ń ta pàràpàrà bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù.
Lórí ọlọ, ó kọ́kọ́ dà bí iyanrìn,
ó ṣe agídí díẹ̀,
lójijì ó rọ̀, ó ń dán.

Wọ́n fìka kan tọ́ ọ wò.
"Kò lóòórùn," ni wọ́n wí.
"Oúnjẹ tí kò lóòórùn,
báwo ni yóò ṣe mọ̀nà ilé?"

Mo ti iṣu bọ̀ ọ́.
Ó korò díẹ̀, ó wá dùn lẹ́yìn ahọ́n
bí ẹni ń pè mí láti yàrá kejì.
Ọrùn mi ni Màmá ń wò, wọn ò wojú mi.
Kókó kankan ò tíì yọ.
Dókítà ṣáà ní dọ̀la.

Nínú gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, ládánì húkọ́.
Ó ku díẹ̀ kó pè.
Màmá yára fi ìka gbá èyí tó kù lórí ọlọ jọ,
wọ́n lá a
kó má bàá sùn.